Ajá Mi Ò Jẹ Ọkà Mọ́, Kí Ló Wá Ń Jẹ?

Àwa tá à ń sin ajá ní Ẹ̀pẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ wa ti di ọ̀rọ̀ àpò. Látijọ́, tẹ́ ẹ bá bi èèyàn pé kí lajá ẹ̀ ń jẹ, á ní "ohun tá a bá jẹ náà ni", ó parí nìyẹn. Nísìn-ín, ẹ ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n á ti máa bi yín pé àpò wo lẹ̀ ń rà, ṣé ti òyìnbó ni àbí ti ilẹ̀ wa, ṣé ó ní àgbàdo nínú àbí grain-free ni, ìyẹn èyí tí ò lọ́kà kankan nínú. Tọ́rọ̀ bá ti kan grain-free báyìí, gbogbo ẹnu á là lẹ́ẹ̀kan náà, torí kò sẹ́ni tí ò ní ìtàn tiẹ̀. Eléyìí á ní ajá òun họra títí tára ẹ̀ fi bó, bóun ṣe gbé ọkà kúrò lẹ́nu ẹ̀ báyìí nirun bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Òmíì á ní ajá òun ṣu omi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, lòun bá sáré padà sídìí ohun tóun mọ̀. Ẹlòmíì á ní ajá jẹ ẹ́, kò sí nǹkankan tó yí padà, àfi owó òun nìkan ló rù.

Mo ti ń gbọ́ irú ìtàn yìí pẹ́, mo sì ti fi oúnjẹ yẹn bọ́ ajá tèmi náà fúngbà tó gùn díẹ̀, ohun tí mo wá rí ni pé ibi tá a ti ń jiyàn kọ́ lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú àpò là ń wò, a kì í wo ohun tí wọ́n fi dípò ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fẹ́ni tí ò mọ̀. Grain-free, oúnjẹ ajá tí wọn ò fi ọkà kankan sí ni, kò sí àgbàdo, kò sí ìrẹsì, kò sí wíìtì, kò sí ọkà bàbà, kò sí óòtì. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á rò pé ẹran nìkan ló kù níbẹ̀ nìyẹn. Irọ́ o. Oúnjẹ gbígbẹ oníwóró-wóró yẹn, ẹ̀rọ gbígbóná ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì gbọ́dọ̀ ní nǹkan onísítáàṣì tó máa dì í mú kó má baà fọ́ yángá-yángá. Tí wọ́n bá yọ àgbàdo, nǹkan míì gbọ́dọ̀ wọlé. Ohun tó sábà máa ń wọlé ni àwọn ẹ̀wà òyìnbó, píìsì, lẹ́ńtílì, chickpeas, tàbí kó jẹ́ ọ̀dùnkún, pòtétò, tàbí tapioca.

Tapioca ńkọ́? Pákí ni. Pákí tá a fi ń ṣe gàrí yìí náà.

Lọ́jọ́ tí mo ka ẹ̀yìn àpò yẹn sétí màámi, tí mo sọ ohun tí tapioca jẹ́ fún wọn, wọ́n kọ́kọ́ rò pé mò ń fi àwọn ṣeré ni. Àwòrán ìkookò ńlá kan ló wà níwájú àpò náà, òkè oníyìnyín wà lẹ́yìn ẹ̀, ojú ẹ̀ le koko. Wọ́n ní, "Ṣé ìkookò eléyìí náà ń jẹ ẹ̀bà ni?" Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀, mà. Wọ́n ní kí n sọ iye tí mo rà á, mo gé owó náà sí méjì kí n tó sọ, síbẹ̀ wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní Bingo tó ṣọ́ ilé wa nígbà tá a wà ní kékeré, gàrí Ìjẹ̀bú ló jẹ dàgbà, ẹ̀bà àná pẹ̀lú omi ọbẹ̀ àti orí ẹja, kò sì sẹ́ni tó ya àwòrán ẹ̀ sára àpò kankan. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ mo máa padà sórí gàrí yẹn tó bá yá, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò rọrùn tó bí màámi ṣe sọ ọ́ yẹn.

Ajá tí mò ń sọ yìí, Mọ̀wà là ń pè é, Mọ̀wàfóníwà ní kíkún. Màámi ló sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n fẹ́ káwọn kan ládùúgbò máa gbọ́ ọ nígbàkígbà tá a bá ń pè é wọlé, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlúsátíà tó ti dà pọ̀ mọ́ ajá ilẹ̀ wa ni, etí kan dúró, ìkejì sùn. Ara yíyún ló gbé wa dédìí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Tójò bá ti wọlé ní Ẹ̀pẹ́, tílẹ̀ ò gbẹ mọ́, á máa họ abíyá, á máa lá àtẹ́lẹsẹ̀ títí á fi pọ́n, etí ẹ̀ á máa rùn. A wẹ̀ ẹ́ lọ́ṣẹ, a já eégbọn lára ẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, á lọ díẹ̀ á tún padà. Ìgbà tó yá ni ọ̀gá kan tó ń ta oúnjẹ ajá sọ fún mi pé àgbàdo ló ń dà á láàmú, pé inú ajá kì í da àgbàdo, pé àwọn òyìnbó ti fi irú ẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó dá a lójú gan-an bó ṣe ń sọ ọ́. Àpò ńlá kan sì wà lẹ́yìn ẹ̀ tó fẹ́ tà o, ká má parọ́.

Mo rà á. Mi ò kàn dà á fún un lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń pò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀, kí tuntun máa pọ̀ sí i kí ti àtijọ́ máa dín kù, wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn fi ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ṣe é. Àwọn tó ń pariwo pé ajá àwọn ṣu omi, tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ bi ọ̀pọ̀ wọn, alẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n yí gbogbo abọ́ padà. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ọkà, ẹjọ́ ìkánjú ni, kódà tó bá jẹ́ pé látorí grain-free sórí àgbàdo ni wọ́n ń lọ, inú ajá á ṣì dàrú.

Irun ni mo kọ́kọ́ rí tó yí padà. Irun Mọ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í dán, àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ni mo fi ń pa á. Ìgbẹ́ ẹ̀ náà dì dáadáa, kò ni wá lára láti kó mọ́. Àmọ́ só ńkọ́! Ajá yìí á rọra dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga ní pálọ̀, á tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́ láìdún, gbogbo ilé á dìde. Ẹ̀wà ló ń jẹ, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ara yíyún yẹn náà rọlẹ̀ lóòótọ́, ó rọlẹ̀ fún sáà kan, lẹ́yìn náà òjò tún dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹsẹ̀.

Dókítà ẹranko tó ń wò ó, ọmọbìnrin kan tí ò tíì pẹ́ tó jáde níléèwé, kò bá mi jà rárá. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ka ohun tó wà nínú ti tẹ́lẹ̀ àti ohun tó wà nínú eléyìí." A kà á. Ti tẹ́lẹ̀: àgbàdo, adìẹ, sóyà. Ti tuntun: ẹja, píìsì, tapioca, òróró ẹja. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe àgbàdo nìkan lẹ yọ? Ẹ yọ adìẹ, ẹ yọ sóyà, ẹ fi òróró ẹja kún un, ẹ tún lo oògùn eégbọn lóṣù yẹn kan náà. Èwo ló wá ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ẹ̀?" Ẹnu mi wọhò. Òróró ẹja nìkan tó láti mú irun ajá dán, kò bèèrè pé kí àgbàdo kọ́kọ́ jáde nílé kóun tó ṣiṣẹ́.

Ìgbà tí mo lọ ka ọ̀rọ̀ náà síwájú, ohun tí mo bá níbẹ̀ bá tiẹ̀ mu. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ kan kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ nípa ajá tí oúnjẹ ń mú ara wọn yún jọ, ajá 297 ló wà nínú ẹ̀. Ẹran màlúù ló ń dààmú èyí tó pọ̀ jù, 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Wàrà àtohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, 17. Adìẹ, 15. Wíìtì ló tẹ̀ lé e pẹ̀lú 13. Àgbàdo ò tiẹ̀ tó 5, ìrẹsì kéré sí i. Ẹran tá à ń wá nínú àpò lójú méjèèjì, òun gan-an ló wà níwájú, àgbàdo tá à ń bú wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ sì má gbàgbé pé ajá tí oúnjẹ ń dà láàmú nìkan là ń sọ yìí o. Ọ̀pọ̀ ajá tó ń họra ládùúgbò wa, oúnjẹ ò mọ nǹkankan nípa ẹ̀, eégbọn ni, yọ̀rọ̀ ni, eruku ni, àti ọ̀rinrin tó ń wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kì í gbẹ.

Ọ̀nà kan wà téèyàn fi lè mọ̀ dájú. Ẹ máa fún ajá ní oúnjẹ tí ẹran inú ẹ̀ kò kan ẹnu ẹ̀ rí, ohun kan ṣoṣo ni kó máa jẹ, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán, kò gbọ́dọ̀ sí bísíkíìtì, kò gbọ́dọ̀ sí egungun látọ̀dọ̀ aládùúgbò, kò gbọ́dọ̀ sí ọmọdé tó ń ju búrẹ́dì sílẹ̀. Tí ara bá wá balẹ̀, ẹ dá oúnjẹ àtijọ́ padà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá yíyún á padà wá. Apá kejì yìí ni kò sẹ́ni tó ń ṣe. Ta ló fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ pe ìyọnu padà wálé? Tí ajá bá ti dáwọ́ họra, onílé á dúpẹ́, á gbàgbọ́ pé àgbàdo ni, á sì lọ sọ fún ẹlòmíì.

Àǹtí wa kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tí wọ́n ní Lhasa Apso funfun kan. Ajá yẹn máa ń bì láàárọ̀, omi òfeefèé, látìgbà tí wọ́n ti gbé e sórí grain-free kò bì mọ́, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan míì létí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi, wọ́n ní, "Má kàwé fún mi, ojú mi ni mo fi rí i." Mi ò bá wọn jiyàn. Wọ́n tún ti ń bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan, alẹ́ kì í gùn mọ́ lórí ebi, ìyẹn nìkan lè ti dá èébì bẹ́ẹ̀ dúró. Àmọ́ ajá náà ń ta pọ́ún-pọ́ún, bó sì ṣe kéré tó, àpò kékeré kan ń pẹ́ wọn lọ́wọ́, kí lèmi ń wá níbẹ̀?

Ti àbúrò mi tó wà n'Ìkòròdú yàtọ̀. Ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní Boerboel ló ń sìn, ó ń ta ọmọ wọn, àwọn oníbàárà ẹ̀ kan ló ní káwọn ajá wà lórí grain-free káwọn tó san owó ńlá. Ó gbìyànjú ẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, tí gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá fi owó gun òkè, ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, àwọn ajá wọ̀nyí ń jẹ jù mí lọ." Ó ti padà sórí àgbàdo sísè àti ẹja. Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan lára àwọn ajá ẹ̀, òun náà ní òun ò rí i, àfi pé àwọn ọmọ tó ń bí báyìí, ẹni tó bá fẹ́ á rà, ẹni tí ò bá fẹ́ kó lọ ra ìkookò.

Tẹ́ ẹ bá tún wá dé ọjà Olúwo níbí, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja, akàn, edé àti ẹran ìgbẹ́, ẹ wo àwọn ajá tó ń rìn káàkiri abẹ́ tábìlì. Orí ẹja, ìfun ẹja, ìrù ẹja, ohun tí wọ́n ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ara wọn ń dán. Wọ́n ti wà lórí grain-free látọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Báwo ni nǹkan yìí tiẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ná? Ajá kọ́ ló bèèrè ẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún 2007, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, kíndìnrín ajá àti ológbò ń bàjẹ́, wọ́n ń kú. Menu Foods, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ orúkọ tó wà lọ́jà, ní láti kó agolo àti ọ̀rá oúnjẹ tó lé ní mílíọ̀nù 60 padà. Nígbà tí wọ́n tú u débi ìsàlẹ̀, gúlútẹ̀nì wíìtì, ìyẹn purotéènì tí wọ́n ń yọ látinú wíìtì, tó wá láti Ṣáínà ni wọ́n ti da melamine sí, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe abọ́, kó lè dà bíi pé purotéènì inú ẹ̀ pọ̀ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ayédèrú ló pa àwọn ẹran yẹn, wíìtì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ajá ẹ̀ ti kú, ṣé á dúró gbọ́ irú àlàyé yẹn ni? Orúkọ wíìtì ti bàjẹ́, àwọn apolówó sì rí ọ̀nà gbà. Wọ́n ní ìran ìkookò lajá, ìkookò kì í dáko àgbàdo. Kì í dáko píìsì náà, àmọ́ wọn ò kọ ìyẹn sára àpò.

Ìran ìkookò ni lóòótọ́, kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti kó wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ kan láti Sweden gbé ìwádìí jáde nínú ìwé sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature lọ́dún 2013, wọ́n fi jíìnì ajá, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, wé ti ìkookò. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní AMY2B, òun ló ń jẹ́ kára lè da sítáàṣì. Ẹ̀dà ẹ̀ méjì péré ni wọ́n rí lára ìkookò, ti ajá bẹ̀rẹ̀ láti 4, ó ń lọ dé 30. Ìyókù ẹnu wa ló kọ́ inú wọn. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ajá ò lè da àgbàdo tá a sè jinná, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́.

Ibi tọ́rọ̀ wá le sí ni ti ọkàn. Lóṣù keje ọdún 2018, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ń ṣèwádìí, torí àwọn dókítà ẹranko ń rí àìsàn ọkàn kan tí wọ́n ń pè ní DCM lára àwọn ajá tí kì í sábà ní in. Iṣan ọkàn á tín-ín-rín, ọkàn á fẹ̀, kò ní lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa mọ́, ajá á máa tètè rẹ̀, á máa wúkọ́, ó lè ṣubú lulẹ̀ gbì. Àwọn irú ajá bíi Doberman àti Great Dane máa ń jogún irú ẹ̀, àmọ́ Golden Retriever ló ń wọlé ṣáá lọ́tẹ̀ yìí. Nínú ohun tí wọ́n gbé jáde lóṣù kẹfà 2019, wọ́n ní ìròyìn 524 nípa àìsàn yìí ló dé ọ̀dọ̀ àwọn láàárín ọdún 2014 sí oṣù kẹrin 2019, oúnjẹ tó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ẹ̀ jẹ́ grain-free, 93 nínú ọgọ́rùn-ún ní píìsì tàbí lẹ́ńtílì nínú. Wọ́n wo taurine, nǹkan kan tí ọkàn nílò, tí ara ajá ń fúnra ẹ̀ ṣe látinú methionine àti cysteine tó máa ń wà nínú ẹran. Ti àwọn ajá kan ti lọ sílẹ̀, tàwọn kan sì wà bó ṣe yẹ kó wà. Ara àwọn kan yá nígbà tí wọ́n yí oúnjẹ wọn padà tí wọ́n sì tọ́jú wọn.

Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2022, FDA ní àwọn ò ní máa gbé ìròyìn jáde lórí ẹ̀ mọ́ àfi tí ìmọ̀ tuntun bá wà, torí iye ìròyìn àìsàn tó wọlé nìkan ò tó láti fi sọ pé oúnjẹ ló fà á. Ìròyìn nípa ajá ti lé ní 1,380 nígbà yẹn. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ní grain-free ń pa ajá ti sọ ju ohun tí wọ́n mọ̀ lọ, ẹni tó bá sì ní kò sí nǹkankan níbẹ̀, òun náà ti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ wo ibi tí wọ́n nawọ́ ìfura sí. Kò sẹ́ni tó ní àìrí àgbàdo jẹ ló ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́, ohun tí wọ́n fi rọ́pò àgbàdo ni wọ́n ń wò, àwọn ẹ̀wà yẹn, pàápàá níbi tí wọ́n ti pọ̀ débi pé àwọn ló gba iwájú nínú àpò.

Ẹ fojú inú wò ó ká ní Ẹ̀pẹ́ ni. Ajá ńlá kan ṣubú lójijì, ó kú. Ta ló máa ronú kan ọkàn? Wọ́n á ní olè ló ju májèlé sí i nínú ẹran, wọ́n á máa wo aládùúgbò lójú, ó sì lè jẹ́ lóòótọ́ o, torí àwọn olè ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọkàn ajá ò sí nítòsí wa, kò sì sẹ́ni tó máa kọ ọ́ síbì kankan. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ní Nàìjíríà a ò rí irú ẹ̀ rí, mo máa ń bi í pé irinṣẹ́ wo la fi wá a.

Màámi gbọ́ ìtàn ọkàn yìí, wọ́n ní ṣebí àwọn ti sọ, pé kí n padà sórí ẹ̀bà. Ibẹ̀ ni mo ti ní kí n dá gàrí padà sí ọ̀rọ̀. Ní Yunifásítì Nàìjíríà tó wà ní Nsukka, wọ́n ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1993. Wọ́n fi gàrí bọ́ àwọn ajá tó ṣì ń dàgbà fún ọ̀sẹ̀ 14, wọ́n fi ìrẹsì bọ́ àwọn míì, wọ́n sì fi gbogbo ohun tára nílò sínú oúnjẹ méjèèjì. Àwọn tó jẹ gàrí, ẹ̀dọ̀ wọn, kíndìnrín wọn, kódà iṣan ọkàn wọn, kò dá ṣáṣá. Oró kan tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì máa ń wà nínú pákí. Rírẹ tá à ń rẹ ẹ́ àti yíyan tá à ń yan án ń dín in kù, kì í sábà tán pátápátá. Methionine àti cysteine tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn náà lara máa ń ná láti fi pa oró yẹn. Ajá tó ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ lálẹ́ tí kò rí ẹran, ibi tí ò ti ní gan-an ni wọ́n tún ti ń yọ. Tapioca inú àpò kò rí bẹ́ẹ̀ tààrà, sítáàṣì tí wọ́n ti fọ̀ léraléra ni, àmọ́ ẹ̀bà tiwa yìí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún un.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún màámi. Wọ́n ní Bingo ńkọ́? Mo ní Bingo rí orí ẹja jẹ, mà. Wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kó bà wá lẹ́rù nípa ọkà, kò sì sí nínú ìpolówó kankan. Àgbàdo tó bu ni. Èbu kan máa ń hù lára àgbàdo tí wọ́n tọ́jú nígbà tí ò tíì gbẹ, ó ń mú oró kan jáde tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bẹ́ ẹ bá sì sè é oró náà ò lọ. Láàárín òpin ọdún 2020 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ajá tó lé ní 110 ni wọ́n ròyìn fún FDA pé ó kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ oníbàágì kan tí aflatoxin wà nínú ẹ̀, l'Amẹ́ríkà níbẹ̀ o, níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù tó ń gbóná ni wọ́n ti tú àpò, tí wọ́n ń wọ̀n ón ní kílò-kílò sínú ọ̀rá, tí ẹnu àpò wà ní gbayawu nígbà òjò, ẹ rò ó wò. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá wọ̀n sínú ọ̀rá, kò sí orúkọ lára ẹ̀, kò sí ọjọ́ lára ẹ̀, ohun tí olùtajà bá ní ó jẹ́ náà ló jẹ́. Grain-free inú ọ̀rá dúdú, ta ló jẹ́rìí ẹ̀?

Èmi ti gbé Mọ̀wà kúrò lórí ẹ̀. Oúnjẹ àpò tó ń jẹ báyìí ní ìrẹsì nínú, ẹja ló wà níwájú, kò sì sí adìẹ níbẹ̀, torí adìẹ ni mo ṣì ń fura sí. Ó ń jẹ ṣáwá sísè kún un látọjà, mo máa ń yọ eegun ẹ̀, mi ò sì ń fi àlùbọ́sà tàbí ata sí i, torí májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá, tútù tàbí sísè. Àgbàdo sísè náà ń kan ẹnu ẹ̀ tó bá jẹ́ àsìkò, kò tíì ṣe é ní nǹkankan. Irun ẹ̀ ṣì ń dán. Só ti dín kù, ilé ń dúpẹ́. Ẹsẹ̀ lílá yẹn ṣì wà tójò bá rọ̀, dókítà ní ká máa nù ún gbẹ tó bá ti ìta wọlé, ìyẹn sì ń ràn án lọ́wọ́ ju gbogbo ohun tí mo ti rà lọ.

Tí tiyín bá wà lórí grain-free tára ẹ̀ sì le, mi ò ní kẹ́ ẹ sáré yọ ọ́ kúrò lálẹ́ òní. Ẹ yí àpò sẹ́yìn, ẹ ka nǹkan márùn-ún tó ṣáájú. Tó bá jẹ́ pé píìsì, ìyẹ̀fun píìsì àti lẹ́ńtílì ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹ bi dókítà yín nípa ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ajá ńlá tàbí Golden Retriever, kí wọ́n sì gbọ́ bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àǹtí wa náà, torí píìsì ló wà nípò kejì àti ìkẹta nínú tiwọn. Mo ní kí wọ́n kàn gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọkàn n'Ékòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kọ́kàn wọn lè balẹ̀. Wọ́n ní ọkàn àwọn balẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé tó bá jẹ́ tèmi ni kò balẹ̀, kí n fowó mọ́tò ránṣẹ́. Mi ò tíì fi ránṣẹ́.